Ẹsẹ̀ Ìyá Mi Lórí Kílọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi náà mọ̀ pé n kò tíì dàgbà tó ẹni tí í jókòó sọ pé "láyé àtijọ́." Irun funfun kan ṣoṣo ni mo ní, ìyẹn náà, bàbá yín ló ní òun rí i. Ṣùgbọ́n ayé tí mo bá ní Agége ti lọ pátápátá, ojú mi báyìí ló sì ṣe lọ. Bí n kò bá sọ ọ́ fún yín nísinsìnyí tí ìró rẹ̀ ṣì wà létí mi, ta ni yóò sọ ọ́? Bàbá àgbà yín mọ̀ ọ́n jù mí lọ, àmọ́ ẹ mọ̀ wọ́n: bí ẹ bá béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn, táyà ni wọn yóò kọ́kọ́ ní kí ẹ lọ fọ̀.

Ìró ni mo kọ́kọ́ ń rántí. Láàárọ̀, fèrè ilé-iṣẹ́ yóò dún láti apá Ìkẹjà. Ládùúgbò wa nígbà náà, fèrè yẹn ni aago. Àkọ́kọ́ ń sọ pé kí òṣìṣẹ́ máa bọ̀, èkejì ń sọ pé wọ́n ti ti géètì. Ìyá tó bá ń wẹ ọmọ, tó bá gbọ́ èkejì, á da omi tó kù lé ọmọ náà lórí gìrìgìrì, ọmọ á ké, ìyá á ní, "Fèrè ni kó o bá jà." Ilé-iṣẹ́ aṣọ wà, ti ọṣẹ wà, ti bisikíìtì wà tó jẹ́ pé bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa, gbogbo àdúgbò á máa ta sánsán bí ẹni pé ọdún dé. Ẹ lọ wò ó lónìí. Ti aṣọ ti di ṣọ́ọ̀ṣì, ti ọṣẹ ti di ibi tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí. N kò ní kí wọ́n má jọ́sìn o. Mo kàn ní fèrè kò dún mọ́ ni.

Lẹ́yìn fèrè, ọkọ̀ ojú irin. Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin gan-an, abẹ́ páànù kan tí òjò ti lù títí tó fi dípẹtà. Ìdajì abẹ́ páànù náà jẹ́ ti bàbá mi, wọ́n ń fi tún ọkọ̀ ṣe. Ìdajì tó kù jẹ́ ti ìyá mi, wọ́n ń rán aṣọ àga ọkọ̀ níbẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀. Kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn ni wọ́n ti ń lo páànù kan náà. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, ilẹ̀ á kọ́kọ́ gbọ̀n, sípánà á máa jó nínú agolo, lẹ́yìn náà ni ariwo á dé tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Oníbàárà tó ń yọ owó á dúró, owó á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń bú ènìyàn á dúró pẹ̀lú, á di èébú rẹ̀ mọ́ ẹnu títí ọkọ̀ á fi kọjá.

Ẹ̀yin lè máà mọ ohun tó ń jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, nítorí ọkọ̀ ayé yín ń pa jíà dà fúnra rẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ni pẹ́dà tó wà lápá òsì. Òun là ń tẹ̀ kí jíà tó wọlé. Nínú ọkọ̀ mìíràn, wáyà ló ń fà á. Nínú òmíràn, bíréékì ọ́ìlì ló ń ṣe iṣẹ́ náà nínú páìpù, láàárín páńpù kékeré méjì: ti òkè wà nídìí pẹ́dà, ti ìsàlẹ̀ wà lára jíábọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ á tẹ ti òkè, ọ́ìlì á sáré lọ taari ti ìsàlẹ̀, jíà á wọlé. Ó rọrùn. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u láti pààrọ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ á kó sínú páìpù. Afẹ́fẹ́ kò sì lágbára láti taari ohunkóhun. Bó o bá tẹ̀ ẹ́, ńṣe ni á kàn sún kì. Pẹ́dà á lọ sílẹ̀ yọ̀ọ̀, kò ní padà wá. Kílọ́ọ̀ṣì titun ni o, ọkọ̀ kò sì ní lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Iṣẹ́ ẹni méjì ni láti lé afẹ́fẹ́ yẹn jáde, nítorí àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹnì kan á wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà, ẹnì kejì á jókòó nídìí pẹ́dà. Ẹni tó wà lókè á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, á wá dì í mú sílẹ̀. Ẹni tó wà lábẹ́ á tú ẹnu kékeré kan, ọ́ìlì á rọ́ jáde pẹ̀lú ìfófó, á sì tún dí i. Ó di ìgbà tó bá dí i tán kí ti òkè tó gbé ẹsẹ̀. Bó bá fi ìṣẹ́jú akàn ṣáájú, afẹ́fẹ́ tí wọ́n lé jáde á tún sáré wọlé, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó wà lábẹ́ kì í rí ẹni tó wà lókè. Ohùn ló yẹ kí wọ́n máa fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè bá ọkọ̀ ojú irin du ohùn? Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi ń lo irin. Wọ́n á fi sípánà kan ṣàásí, egungun irin tó wà lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan: tẹ̀ ẹ́, dì í mú. Ẹ̀ẹ̀mejì: gbé ẹsẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìró náà. Bí mo bá ń bọ̀ láti ilé-ìwé tí mo gbọ́ "kò," tó dákẹ́ díẹ̀, tí mo tún gbọ́ "kò-kò," mo mọ̀ pé àwọn òbí mi ń sọ̀rọ̀.

Ìyá mi ni ẹlẹ́sẹ̀. Àwọn dírẹ́bà kò lè ṣe é, ẹsẹ̀ wọn le, sùúrù wọn kò sì tó nǹkan. Bàbá mi máa ń sọ ìtàn ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bẹ ìyá mi pé kí wọ́n wá bá àwọn tẹ̀ ẹ́, nígbà tí ìyá mi ṣì jẹ́ aládùúgbò lásán. "Mo kan irin, mo ń retí kó gbé ẹsẹ̀ kíákíá bíi ti àwọn yòókù. Kò gbé e. Mo kan ẹ̀ẹ̀mejì, ó gbé e. Mo ní háà, ọmọ yìí gbọ́ràn ju ọkọ̀ lọ."

Ìyá mi kò ní dúró kí wọ́n parí ẹ̀, orúkọ mi ni wọ́n sì fi ń pe bàbá mi: "Bàbá Sìkírá, ẹ yé purọ́ mọ́ mi. Ta ló gbọ́ràn sí yín lẹ́nu? Ẹsẹ̀ mi ló mọ ẹ̀rọ."

Òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ tó ti ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ láti òwúrọ̀ kò ní ṣi pẹ́dà tẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá sì ti ń tán, tí pẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í le lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ìyá mi á sọ gbólóhùn kan, kì í yàtọ̀: "Ó ti ń dá mi lóhùn." Bàbá mi á gbọ́, wọ́n á kan irin lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ parí.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù. Àwọn bọ́ọ̀sì tó ń kó èèyàn lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, àgbò á wà lórí wọn, àgbò á wà nílẹ̀, àwọn kan á tilẹ̀ so àgbò mọ́ táyà. Nínú irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi wà lábẹ́ bọ́ọ̀sì kan, ìyá mi wà nídìí pẹ́dà. Bàbá mi kan irin lẹ́ẹ̀kan, ìyá mi tẹ̀ ẹ́, wọ́n dì í mú, bàbá mi tú ẹnu kékeré yẹn. Àfi bí àgbò kan ṣe já okùn tó kọrí sójú irin. Ariwo ta. Bàbá mi yọ lábẹ́ ọkọ̀, ó di eré, nítorí àgbò oníbàárà ni. Wọ́n lé e dé ìsọdá, wọ́n mú un. Bí wọ́n ṣe ń fà á bọ̀, wọ́n pe ìrun Alásárì, bàbá mi yà kírun. Lẹ́yìn ìrun, ẹnì kan fún wọn ní àgbàdo sísun, wọ́n dúró jẹ ẹ́. Ìgbà tí wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀bù, ìyá mi ṣì jókòó nínú bọ́ọ̀sì, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún òsì, orúnkún náà ń gbọ̀n.

"Àṣàkẹ́! Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ ò kan irin."

Bàbá mi ju okùn àgbò sílẹ̀. Wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n dí ẹnu yẹn, wọ́n kan irin lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà náà ni ìyá mi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tiro lọ sídìí ẹ̀rọ wọn, wọ́n ní, "Bàbá Sìkírá, ṣé àgbàdo yẹn dùn? Ó wà ní irùngbọ̀n yín."

Kò sí ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Nígbà tí ojú irin tuntun ń bọ̀, gbogbo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló kúrò. Ìyá mi náà kúrò lẹ́yìn ìyẹn, Ọlọ́run kó wọn sí àlùjánnà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ, bàbá mi kò fọwọ́ kan kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Wọ́n á gbà yín nímọ̀ràn lórí bíréékì, lórí páńpù epo, lórí ẹ̀ńjìnnì. Bí ẹ bá dárúkọ kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní, "Ẹ lọ bá àwọn ọmọdé."

Èmi náà bá àwọn ọmọdé lọ. Ẹ mọ̀ pé bọ́ọ̀sì wa, tí mo fi ń kó àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé ní Ìkẹjà, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kú nígbà ìsinmi. Rásíìdì tó ń tún un ṣe wá sílé ní ọjọ́ Sátidé, ó pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì, ó pààrọ̀ ti ìsàlẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tó ń fa afẹ́fẹ́ láìsí ẹnì kejì. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fà á títí, pẹ́dà ṣì ń lọ sílẹ̀ yọ̀ọ̀.

"Ìyá Màríámù, ti òkè náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó di Mọ́ńdè kí n tó rí i rà."

"Mọ́ńdè kẹ̀? Mọ́ńdè ni ilé-ìwé wọlé!"

"Ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀rọ mi kì í purọ́."

Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ tayín. "Ẹ̀rọ kì í purọ́. Ta ló bi í léèrè? Afẹ́fẹ́ ìta ló ń fà láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu ibi tó o so ó mọ́. Afẹ́fẹ́ inú wà níbẹ̀, ó ń wò ọ́."

Rásíìdì rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ayé ti yí padà." Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ìyàwó àbúrò rẹ̀ bímọ ní Ìfọ̀, wọ́n ń sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kejì.

Bó ṣe ń lọ ni fóònù mi dún. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mọ́kànlá tí mò ń kó ni. "Mummy Màríámù, ṣé Mọ́ńdè dájú? Oníbọ́ọ̀sì kan ti wá bá àwa òbí o. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu yín."

"Ó dájú, mà."

Irọ́ ni mo pa. Mo mọ̀ pé bí bọ́ọ̀sì kò bá dé àárọ̀ Mọ́ńdè, ọmọ mọ́kànlá á di ti ẹlòmíràn, wọn kò sì ní padà sọ́dọ̀ mi. Bàbá yín wà lọ́nà Kánò. Àwọn tó ń ta páàtì kì í ṣí ní ọjọ́ Àìkú. N kò sùn dáadáa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bàbá mi bọ́ agbádá, wọ́n wọ ṣòkòtò iṣẹ́ tí mo rò pé a ti sọ nù. "Sìkírá, gbé jáàkì wá. Gbé igi méjì wá pẹ̀lú, a kì í fi orí ẹni fún jáàkì nìkan."

"Bàbá, ẹ ò lè wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́."

"Ta ló ní èmi ni mò ń wọ̀ ọ́?"

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo so ìró mọ́ ìdí, mo sùn sórí páálí, mo wọlé. Bàbá mi gun orí àga dírẹ́bà. Ibi tí ìyá mi máa ń jókòó sí nìyẹn. N kò rí i rí kí bàbá mi jókòó síbẹ̀ nígbà iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì.

Ìdajì ìgò bíréékì ọ́ìlì ló kù fún wa. Mo so rọ́bà mọ́ ẹnu kékeré yẹn, mo ti orí rẹ̀ kejì bọ inú ìgò òfìfo.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Bàbá!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́!"

"Ẹ dì í mú o!" Mo tú u, ọ́ìlì fófó jáde. "Ẹ ṣì dì í mú!"

N kò tíì dí i tán tí wọ́n fi gbé ẹsẹ̀. Mo gbọ́ ọ bó ṣe fa afẹ́fẹ́ wọlé, "súù," bí ọmọ tó ń mu omi ẹ̀kọ. A tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún gbé e. Màríámù, o rántí pé ìwọ lo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ tí ò ń ké pé, "Bàbá àgbà, màmá ní ẹ dì í mú!" Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìwọ bá fi sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ọ́ìlì ta sí mi lójú, ó ta sára ọkọ̀, bàbá mi sì ń pariwo pé kí ẹ da omi sí i kó má bàa ṣí ọ̀dà. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ lábẹ́ ọkọ̀, wọn kò gbọ́, nítorí wọn kò rí ẹnu mi. Àádọ́ta ọdún ìró òòlù àti ẹ̀ńjìnnì ti kó etí wọn lọ, wọn kì í sì í gbà.

Mo wo ìgò. Ọ́ìlì tó kù kò ju ti ìgbà mélòó kan lọ. Mo ní kí n da èyí tó ti jáde padà, wọ́n kígbe mọ́ mi pé ohun tí a bá ti pọ̀ kì í padà sẹ́nu.

Inú bí mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò gbọ́ràn mọ́! Ẹ gbà bẹ́ẹ̀ ká lè mọ ohun tá a máa ṣe!"

Mo gbọ́ tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Èyí, wọ́n gbọ́ ọ.

Mo sùn síbẹ̀, ojú ń tì mí. Ẹnu tí ń sọ òótọ́ náà ń dá ọgbẹ́. Ìgbà náà ni ọkọ̀ ojú irin kọjá, èyí tuntun yìí. Kì í pariwo bíi ti àtijọ́, ẹni tó wà nínú ilé lè máà mọ̀ pé ó kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi wà nílẹ̀. Ilẹ̀ gbọ̀n wá bá mi láti inú páálí, sípánà jó díẹ̀ nínú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi.

Mo mú sípánà náà. Mo kan ṣàásí lẹ́ẹ̀kan.

Pẹ́dà lọ sílẹ̀. Kò yára, kò fà. Ó lọ sílẹ̀, ó sì dúró. Mo tú ẹnu yẹn, ọ́ìlì jáde pẹ̀lú ìfófó ńlá. Mo dí i. Mo fara balẹ̀ dí i, ẹnikẹ́ni kò gbé ẹsẹ̀. Mo kan irin lẹ́ẹ̀mejì. Pẹ́dà gòkè.

Èmi àti bàbá mi kò tún bá ara wa sọ̀rọ̀. Kò. Kò-kò. Kò. Kò-kò. Ìwọ ni mo ní kó o máa rọ ọ́ìlì sínú ike rẹ̀ lókè, Màríámù, o sì ṣe é, kò tán lójú ẹ. Ìfófó di ìléròrò kéékèèké, ìléròrò di ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ọ́ìlì fi ń ṣàn geere. Èyí tó kù nínú ìgò kò lè kún ìdérí rẹ̀ mọ́. Mo kan irin lẹ́ẹ̀kan sí i, mo dí ẹnu yẹn pa.

Mo gbọ́ ohùn bàbá mi láti òkè, wọn kò pariwo, ó dà bíi pé ara wọn ni wọ́n ń sọ ọ́ fún.

"Ó ti ń dá mi lóhùn."

Ọwọ́ mi dúró. Láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ, n kò gbọ́ gbólóhùn yẹn mọ́. Mo sùn sábẹ́ ọkọ̀, bíréékì ọ́ìlì àti omijé ń ta mí lójú, n kò mọ èyí tó ń ta mí jù. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó.

"Sìkírá."

"Ẹ̀ẹ́n, Bàbá."

"Kan irin o. Orúnkún mi ń gbọ̀n."

Mo kan án lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí mo jáde, mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá, sí ohun tí mo sọ."

"N kò gbọ́."

"Mo ní ẹ má bínú!"

"N kò gbọ́ o. Etí mi ti lọ, ìwọ náà lo sọ ọ́." Wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín, eyín mẹ́ta. Wọ́n wá fi ọwọ́ lu ẹsẹ̀ òsì wọn. "Eléyìí gbọ́ irin. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí fún ìyá rẹ nìyẹn."

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ̀yin méjèèjì ti wọlé sẹ́yìn, mo ṣáná sí bọ́ọ̀sì, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo fi jíà sí i. Ó wọlé láìké. Bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo ní, "Bàbá, à ń lọ o!" Wọ́n na etí, wọn kò gbọ́, ẹ̀ńjìnnì ń sọ̀rọ̀. Wọn kò sì ní kí n tún un sọ. Wọ́n ká ìka wọn, wọ́n fi kan ara bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì.

Mo gbé ẹsẹ̀.